Ìbéèrè Yín Lórí Ìtàn Àròsọ: Odi Ìlú àti Ẹni Tó Fẹ́ Jáde

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, a gbé ìtàn kúkúrú kan jáde nípa ìlú tí àwọn àgbà fi ọfọ̀ ti ibodè rẹ̀ pa kí ogun má baà wọ̀ ọ́, tí ọmọ ìlú kan kò sì wá rí ọ̀nà jáde láti lọ sin òkú ìyá rẹ̀ ní abúlé. Ìtàn náà fa lẹ́tà púpọ̀. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan bú wa. Mo yan mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà, nítorí pé bí ọ̀nà wọn tilẹ̀ yàtọ̀, ìdí kan náà ni wọ́n ń wá: báwo ni òǹkọ̀wé ṣe lè kọ ìtàn àràmàǹdà lórí ààbò ìlú àti òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì di ìwàásù? Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì máa ń kọ ìtàn lálẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Nínú èyí tí mo ń kọ lọ́wọ́, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti pọ́n ìlú kan lójú títí tí ọba fi lọ bá ẹbọra kan dá májẹ̀mú. Etí-Ò-Sùn ni orúkọ ẹbọra náà. Inú ògiri ló ń gbé, ó sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ lóru nínú ilé gbogbo. Láti ìgbà tó ti dé, ọmọ kankan kò sọnù mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà tó fẹ́ kúrò ní ìlú náà, nítorí pé kò lè bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ààfin má gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ka ìtàn náà, ó ní ìkà lásán ni ọba yẹn, àti pé láti ojú ìwé kejì ni òun ti mọ ibi tí yóò parí sí. Kí ni mo lè ṣe kí ó lè jẹ́ pé ọba jàre, ọmọbìnrin náà sì jàre?
*Nọ́ọ̀sì kan, Iléṣà*

Ẹ kú iṣẹ́ náà o. Ẹbọra yín dùn mọ́ mi nínú. Àwọn àgbà máa ń sọ fún ẹni tó bá ń pariwo ọ̀rọ̀ àṣírí pé ògiri létí. Ẹ̀yin mú ọ̀rọ̀ náà, ẹ fún un ní ẹ̀mí, ẹ sì jẹ́ kí ó máa jẹun ní ààfin. Bí ìtàn àràmàǹdà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn nígbà tó bá dára.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti rí àléébù, èmi náà rí i níbẹ̀. Nínú ojú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́, gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ fi sọ̀rọ̀ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ, lẹ́yìn náà ni ẹ kọ ojú ìwé mọ́kànlá lórí bí etí inú ògiri ṣe ń fún àwọn ènìyàn lọ́rùn. Ẹni tó bá kà á kò bẹ̀rù ohun tí ọba bẹ̀rù, nítorí náà kò lè gba ti ọba rò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù ba òǹkàwé kí Etí-Ò-Sùn tó dé. Ẹ jẹ́ kí a rìn lọ́nà oko ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọmọ tí kò ní padà wálé, kí a sì jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, títí tí àwọn aládùúgbò kò fi ní wá mọ́. Nígbà tí ẹbọra náà bá wá yọjú nínú ìtàn, ó yẹ kí inú òǹkàwé dùn. Ó yẹ kí òun gan-an ti fọwọ́ sí májẹ̀mú náà kí ó tó mọ iye tí yóò san.

Ẹ tún wo ẹni tó mú àbá náà wá. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọba? Bí ó bá jẹ́ pé ìyá ọ̀dọ́mọbìnrin yín ló kọ́kọ́ dìde ní ìpàdé ìlú, ìyá tó ti pàdánù àkọ́bí rẹ̀ lọ́nà oko, tó sì wí pé kí wọ́n lọ pe ẹbọra wá, a jẹ́ pé etí tó ń fún ọmọ lọ́rùn ló ń jẹ́ kí ìyá sùn. Ẹ kò ní nílò ìkà kankan mọ́ nínú ilé yẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ronú sí ohun tí etí náà ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń sáré lọ sí ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀, bí ẹni pé àwọn tó ń dìtẹ̀ nìkan ni wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́. Tọkọtaya tó ń jà lóru nítorí owó ilé ìwé ń kọ́? Ẹni tó jẹ gbèsè tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ dán irọ́ tí yóò pa fún olówó rẹ̀ láàárọ̀ wò? Àwọn ọmọkùnrin tó ń fi ikùn ọba ṣe yẹ̀yẹ́? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbàdúrà nílẹ̀ wa pé kí Ọlọ́run bo àwọn láṣìírí. Ta ni yóò gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ní ìlú yín, nígbà tí ògiri tó kọjú sí yóò ròyìn àdúrà náà kí ilẹ̀ tó mọ́?

Ibi tí iṣẹ́ yín ti lè ràn yín lọ́wọ́ jù lọ nìyí, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sí ilé ìwòsàn kankan nínú ìtàn yín. Ẹ mọ̀ jù mí lọ pé ohun kan wà tí aláìsàn kì í sọ lójú àwọn ẹbí rẹ̀, tí kì í sọ fún dókítà ní ọ̀sán, tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ló máa ń sọ ọ́ fún: ibi tó ti kó àrùn, oògùn tó ti lò kó tó wá, oyún tí ọkọ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ìlú Etí-Ò-Sùn, aláìsàn náà yóò pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Wọ́n yóò fún un ní oògùn tí kò bá ohun tó ṣe é mu, yóò sì kú sí ìlú tí ewu kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ kọ ikú ọkùnrin yẹn. Kò sí ìkà tó pa á, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní sí nínú orúkọ àwọn tí ìlú ń kà nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ohun tí májẹ̀mú náà ná wọn.

Ó ku ohun kan tí n kò rí rárá. Ẹbọra ń gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ lẹ́nu ẹbọra? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà ní ààfin tó ń ṣa ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì kúrò nínú ìsọkúsọ òru. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ ààfin, ni Aláàfin máa ń rán sí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti jẹ́ ojú àti etí fún un. Ẹ fún ọba yín ní ìlàrí kan tí kì í ṣe ènìyàn búburú, àmọ́ tó ní ẹjọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀, tó sì ń gbọ́ lálaalẹ́ gbogbo ohun tí aládùúgbò náà ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ lórí ẹjọ́ náà. Ọjọ́ mélòó ni yóò fi ara dà á? Kí ẹ sì fi àdéhùn kan sínú májẹ̀mú yín pé ẹbọra yóò lọ ní ọjọ́ tí gbọ́mọgbọ́mọ bá tán. Àwọn kan yóò ní wọ́n ti tán. Àwọn kan yóò ní nítorí pé ẹbọra wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣe tán. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yóò mọ́gbọ́n dání, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dán an wò àfi kí wọ́n fi ọmọ ẹnì kan dán an wò.

Sí Olóòtú. Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ta ko ìtàn tí ẹ gbé jáde lóṣù tó kọjá. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ. Òyìnbó ló ni ọ̀rọ̀ pé kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá ìlú jà nítorí òmìnira ara rẹ̀. Nínú ìtàn àwọn baba wa, ìlú ló ṣáájú. Ẹni tí ìlú bá rán níṣẹ́ kì í béèrè bóyá ó wu òun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí fi èrò àjèjì ba ìtàn àròsọ Yorùbá jẹ́.
*Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀yọ́*

Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé tí ó dá mi lójú pé ẹ ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti D. O. Fágúnwà, tó jáde ní ọdún 1938. Ọba rán Àkàrà-oògùn àti àwọn ọdẹ akíkanjú lọ sí Òkè Lángbòdó láti lọ gba ohun tí yóò mú àlàáfíà ìlú pọ̀ sí i, wọ́n sì gbà láti lọ. Títí dé ibí yìí, ẹ̀yin lẹ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà. Aya rẹ̀ dì í mú, kò fẹ́ kí ó lọ, Kàkó sì bínú, ó fa àdá yọ, ó ṣá a pa, ó sì bá àwọn yòókù lọ. Ìrìn àjò àlàáfíà ìlú tẹ òkú obìnrin kan mọ́lẹ̀ kó tó kúrò nílé. Èmi kò gbà pé àjèjì ló fi ìbéèrè sínú ìwé yẹn. Mo ti bá àwọn ènìyàn pàdé tí wọ́n ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n Òkè Lángbòdó, kọ́ àwọn ọdẹ náà, ṣùgbọ́n tí wọn kò gbàgbé obìnrin náà.

Bí a bá sì kúrò nínú ìtàn àròsọ, àwọn baba wa kò fi ìgbà kan gbà pé ìlú jàre nínú ohun gbogbo. Wọ́n mọ odi, ó dájú. Eredo Sùngbọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká gùn ju kìlómítà 160 lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ bákan náà pé ẹni tó ní agbára láti dáàbò bo ènìyàn ní agbára láti jẹ ẹ́ run. Ìdí nìyẹn tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè tó ń yan ọba, fi ní ẹ̀tọ́ láti kọ Aláàfin, kí wọ́n gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún un, tí kò sì ní ohun mìíràn láti ṣe ju kí ó kú lọ. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà yẹ fún ìtàn àràmàǹdà ni pé òògùn náà di àrùn. Baṣọ̀run Gáà, olórí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, tó yẹ kí ó máa dá ọba lẹ́kun, fi ẹ̀tọ́ yẹn pa ọba léra léra, ó sì di ẹ̀rù jẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ìlú, títí tí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Títí di òní ni wọ́n ń wí pé bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sọ òtítọ́.

Èyí tó sún mọ́ ìtàn tí ẹ bínú sí jù lọ ni ti Ìjàyè. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú láàárín ọdún 1830 sí 1840, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sá lọ sí ìhà gúúsù, púpọ̀ nínú wọn sì wọ Ìjàyè lábẹ́ Kúrunmí. Àwọn tó sá wọ ibẹ̀ kò wá òmìnira. Wọ́n wá ibi tí wọ́n lè sùn mọ́jú. Kúrunmí fún wọn. Jagunjagun gidi ni, Aláàfin Àtìbà sì fi í joyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ṣùgbọ́n ó kó gbogbo agbára ìlú sọ́wọ́ ara rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ìjòyè kankan dàgbà débi tí yóò fi lè bá a jiyàn, èyí tó yàtọ̀ gédégbé sí Ìbàdàn tó wà nítòsí, níbi tí ọmọ ogun lásán ti lè ti orí oyè kan bọ́ sí òmíràn títí dé òkè.

Nígbà tí Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù, ọmọ Àtìbà tó jẹ́ Àrẹ̀mọ, ní Aláàfin, nítorí pé àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ẹ ṣàkíyèsí, bàbá: ẹni tó ń dáàbò bo àṣà ni, lójú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ogun pẹ̀lú Ìbàdàn, tó wà lẹ́yìn Adélù, ní ọdún 1860. Ebi mú nínú Ìjàyè. Odi tó ti gbà wọ́n là nígbà kan rí di ohun tó há wọn mọ́. Kúrunmí kú ní ọdún 1861, ìlú náà ṣubú ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn tó rí ọ̀nà sá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n lè sùn mọ́jú.

Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ẹ ń bínú sí bá kọ ìtàn nípa ìdílé kan tó wọ Ìjàyè tayọ̀tayọ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ń wá ihò nínú odi náà ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, èmi yóò gbé e jáde. Mo sì bẹ̀ yín kí ẹ bá wa kà á kí a tó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ wa nílò ẹni tó lè sọ fún wọn bí àwọn olóyè ṣe ń kí ara wọn ní ayé ìgbà náà.

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo wà lára àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru. Gbogbo ìtàn tí mo ń kà lọ́dọ̀ yín tó bá ti ní odi, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ibodè ni ọ̀dájú inú rẹ̀. Ó máa ń lu ènìyàn, ó máa ń gba rìbá, á sì kú lópin ìtàn. Ṣé kò sí ẹ̀ṣọ́ rere nínú ìtàn àròsọ ni?
*Ẹ̀ṣọ́ àdúgbò kan, Ìbàdàn*

Ẹ̀sùn yín múná, a sì jẹ̀bi rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ayọ̀ gbà á, tí kónílé-ó-gbélé àrùn Kòrónà sì tẹ̀lé e láàárín oṣù díẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé wa ti rí ẹ̀ṣọ́ níbi gbogbo. Wọ́n wò yín, wọn kò bi yín ní nǹkan kan.

Lójú tèmi, kò sí ẹni tí irú ìtàn yìí yẹ jù oníbodè lọ. Ní ayé àtijọ́, òun ló ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, òun ló mọ ẹni tó jáde tí kò tíì wọlé. Ọba lè jókòó sí ààfin kí ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu ibodè kọjá lẹ́yìn àṣálẹ́. Ọba kò ní rí obìnrin tí ọmọ ń mú lóru, tó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn láti ìta. Oníbodè ló ń gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn agbésùmọ̀mí ló rán an ṣáájú, tí wọ́n lúgọ sínú igbó lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí àwa ń fi ojú ìwé ogún jiyàn lé lórí, òun gbọ́dọ̀ pinnu rẹ̀ kí obìnrin náà tó ké lẹ́ẹ̀kan sí i. Òun nìkan sì ni kì í sùn ní ìlú tí wọ́n kọ́ odi rẹ̀ kí ènìyàn lè sùn. Kò ní òmìnira kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ààbò tó ń pín fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin náà ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbà á sórí fóònù ní ohùn yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a ó dà á kọ sílẹ̀.

Ẹ ǹlẹ́ o, Olóòtú. Ìlú London ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó sì máa ń lọ kọ́ Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé. Nítorí àwọn ọmọ tó ń fi ọ̀bẹ gún ara wọn níbí, mo fi ohun kan sórí fóònù rẹ̀ tó ń jẹ́ kí n mọ ibi tó wà. Láìpẹ́ yìí ni olùkọ́ rẹ̀ fi ìtàn kan tó kọ hàn mí. Nínú rẹ̀, ìyá àjẹ́ kan so òwú tí kò ṣeé fojú rí mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀, ibi yòówù tí ọmọ náà bá lọ ni òwú náà ń fà á. Mo mọ̀ pé èmi ni ìyá àjẹ́ náà. Ó dùn mí. Ṣé kí n bá a sọ ọ́?
*Ìyá ọlọ́mọ, London*

Ẹ kú ìrora ọmọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ fóònù. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ òwú. Ẹ bi í pé: ṣé ìyá náà ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ bá ṣubú? Ṣé òwú náà máa ń gé bí ọmọ bá dàgbà, àbí yóò máa gùn sí i ni? Ta ló so òwú mọ́ ìyá náà fúnra rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé? Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí kò ní dá yín lóhùn lórí ìdí tí ẹ fi ń wá a kiri lórí fóònù lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lórí òfin tó de òwú inú ìtàn rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́.

N kò ní sọ fún yín pé kí ẹ yọ ohun orí fóònù náà kúrò. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù àròsọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé ọmọ náà kò kọ pé ìyá òun burú. Ó fún un ní agbára, ó sì fi í sí àárín ìtàn, ibi tí àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà fi ìyá sí. Àléébù kan tí mo rí ni pé kò sọ ohun tó wà lóde tí ìyá náà fi ń bẹ̀rù. Ohun kan náà ni mo sọ fún nọ́ọ̀sì wa lókè. Bóyá kò mọ̀ ọ́n ni. Bóyá ẹ̀yin ni ẹ kò tíì sọ ọ́ fún un dáadáa, pé ẹ kò sùn títí yóò fi wọlé.

Ó wù wá láti gbé ìtàn náà jáde ní abala àwọn ọmọdé. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí wa bí ó bá gbà. Òun ni kí ó gbà o, kì í ṣe ẹ̀yin.